Ìlú tí béárì ti ń ṣẹ̀wọ̀n: ìbéèrè yín lórí Churchill

Fídíò kan ń yí ká lórí WhatsApp: béárì funfun kan wà nínú àwọ̀n, ó ń fì lábẹ́ hẹlikọ́pítà. Wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n tí Kánádà dá sílẹ̀ ni. Ìbéèrè yín pọ̀.

Ṣé òótọ́ ni ẹ̀wọ̀n béárì wà?

Ó wà.

Níbo?

Churchill, ní ìpínlẹ̀ Manitoba, létí omi Hudson Bay. Èèyàn 870 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2021. Títì ò débẹ̀. Ẹ wọ bàálù, tàbí kẹ́ ẹ jókòó sínú reluwé fún nǹkan bí ọjọ́ méjì láti Winnipeg, olú ìlú Manitoba. Ní 2017, omi wọ́ ojú irin yẹn lọ, ó sì lé lọ́dún kan kí reluwé tó tún wọ̀lú. (Winston Churchill, olórí ìjọba Bírítéènì nígbà kan, kọ́ ló ni orúkọ ìlú o, John Churchill baba ńlá rẹ̀ ni.)

Kí ni béárì ń wá láàárín èèyàn?

Ìlú ló jókòó sójú ọ̀nà béárì. Séálì, ẹranko inú òkun kan, lẹran tó ń jẹ, orí yìnyín ló sì ti ń pa á. Bí ooru bá yọ́ yìnyín, béárì á gòkè sórí ilẹ̀, á sì fi oṣù mélòó kan gbààwẹ̀. Ní October àti November, wọ́n á máa rọ́ wá sítòsí Churchill, torí omi ibẹ̀ tètè ń dì. Ebi ń pa á, òórùn ọbẹ̀ ń ta sí i nímú.

Ọdún mélòó ni wọ́n ń dá fún un?

Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Ilé ológun àtijọ́ ni wọ́n pín sí yàrá 28. Ariwo ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi lé béárì. Èyí tó bá ṣorí kunkun, wọ́n á dẹ páńpẹ́ fún un: páìpù irin ràgàjì lórí táyà, ẹran séálì nínú lọ́hùn-ún. Bó bá ti fa ẹran, ilẹ̀kùn á já wálẹ̀ gbàgà. Nínú àhámọ́, omi nìkan ni, kò sóúnjẹ. Ẹ má pè é níkà: ààwẹ̀ ló ń gbà tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì bọ́ ọ, á padà wá bu ẹ̀kún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mìíì. Bó bá tó nǹkan bí oṣù kan tàbí tí omi dì, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ oorun, hẹlikọ́pítà á gbé e jìnnà sí ìlú. Láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n ń yìnbọn pa á.

Mo fẹ́ lọ wòran. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹ má dá rìn lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kì í ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn, kí ẹni tí béárì bá ká mọ́ lè bẹ́ wọlé. Bó bá yọ sí yín, ẹ má sáré, ó yá ẹsẹ̀ jù yín lọ. Ẹ máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí dé ilẹ̀kùn tó bá sún mọ́ yín.

Winnipeg ni mò ń kó lọ. Ṣé wọ́n máa wá bá mi níbẹ̀?

Rárá. Ẹ lọ ra kóòtù.