Ẹ̀jẹ̀ aboyún pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ

Kí ikùn tó yọ rárá ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó lóyún. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni họ́mónù ti ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí wọ́n sì fẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò lè kún un mọ́. Kíndìnrín á wá máa dá iyọ̀ àti omi dúró, ẹ̀jẹ̀ á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì lé iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ọkàn náà kò jókòó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú síta ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá lù á pọ̀ sí i, ìlù rẹ̀ á sì fi 10 sí 20 lé iye ti tẹ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, nítorí pé iṣan ti dẹ̀, ṣe ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀ láàárín oyún, kó tó tún gòkè padà sí ipò rẹ̀ bí ìkúnlẹ̀ bá ń súnmọ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ aboyún, torí pé hemoglobin, ìyẹn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara, máa ń wálẹ̀ nínú èsì rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ jù ú lọ, bí ọbẹ̀ tí wọ́n fi ata díẹ̀ kún, tí wọ́n wá bu omi púpọ̀ sí. Ìwálẹ̀ yìí ní ibi tó yẹ kó mọ, ṣá. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti mẹ́ta ìkẹyìn, hemoglobin tí kò bá tó 11 g/dL ti di àìtó ẹ̀jẹ̀ lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì ṣe pàtàkì gidi.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, bí aboyún bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ilé ọmọ lè tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ẹsẹ̀ sí ọkàn, òòyì á sì kọ́ ọ. Bó bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tún rí ọ̀nà gbà.

Àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi ọmọ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti fẹ̀ tó, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè ti ibẹ̀ wá. Ìfúnpá tó bá dé 140/90 kì í ṣe ara ìyípadà tí oyún ń mú wá, àgàgà bí orí bá ń fọ́ tàbí ojú ń ṣe bàìbàì. Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí aboyún dé ilé ìwòsàn, kódà bí ara rẹ̀ bá le.

Ẹ̀jẹ̀ tí ara ti ń kó jọ yìí wúlò lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀: obìnrin tí ara rẹ̀ dá lè pàdánù nǹkan bí ìdajì lítà láìdákú.