Ibi tí ẹ̀rọ ìdarí lésà ti ṣẹ̀ wá

Dígí pínńṣín méjì ló ń ya àwòrán lésà. Ọ̀kan ń gbé iná lọ sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń gbé e lọ sókè sísàlẹ̀, eré tí wọ́n ń sá kì í sì í jẹ́ kí ojú mọ̀ pé ẹ̀kán iná kan ṣoṣo ló ń lọ kiri. Mọ́tò tó ń yí dígí yìí là ń pè ní galvo. Fólítì tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń sọ ibi tó máa kọjú sí. Iṣẹ́ DAC, bọ́ọ̀dù tó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti galvo, kò ju kó sọ nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà di fólítì lọ.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ló kọ́kọ́ ń darí lésà. Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1960. Ní 1969, Lowell Cross ti ń fi àmì tó ń ti inú ẹ̀rọ orin jáde mi dígí. Nígbà tí Ivan Dryer sì bẹ̀rẹ̀ Laserium, eré ìran lésà, ní Griffith Observatory, Los Angeles, ní oṣù kọkànlá 1973, ọwọ́ èèyàn ló ń yí bọ́tìnì bí orin ṣe ń lọ.

Ọdún 1986 ni wọ́n dá ILDA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ lésà àgbáyé, sílẹ̀. Ìlànà tó ti ọ̀dọ̀ wọn jáde ló fún wa ní sọ́kẹ́ẹ̀tì onírin 25 tó wà lẹ́yìn projector, àpótí tí lésà àti galvo wà nínú rẹ̀. Wáyà méjì-méjì ni wọ́n fi ń gbé X (ọ̀tún sí òsì) àti Y (òkè sí ìsàlẹ̀): bí ọ̀kan bá gòkè dé +5, èkejì á wálẹ̀ dé -5, kí ariwo iná tó bá kó sínú kébù gígùn lè pa ara rẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá so X-, wáyà kejì ti X, mọ́ wáyà ilẹ̀ (ground) fi máa ń rí àwòrán tó fún dé ìdajì. Bó bá sì pààrọ̀ wáyà méjèèjì, ọ̀rọ̀ á máa kà sẹ́yìn bí ti inú jígí. Ẹ má gbàgbé ìrin 4 àti 17 tó gbọ́dọ̀ kan ara wọn, àti ìrin 13 tó ń ṣí ìdérí tó ń dí iná lésà. Bí wọ́n bá gbé projector “tó ti kú” wá fún àtúnṣe, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú ìrin wọ̀nyí ni kò ní wáyà.

Àwọn tó ń fi lésà ṣeré kò lówó bọ́ọ̀dù àwọn oníṣẹ́, ni wọ́n bá yíjú sí sound card, bọ́ọ̀dù tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé ohùn jáde. Èyí tó ní ihò púpọ̀ ni wọ́n ń lò: fún X, Y, iná pupa, aláwọ̀ ewé àti búlúù. Ṣùgbọ́n kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kì í jẹ́ kí fólítì tó dúró sójú kan kọjá, nítorí orin kò nílò rẹ̀. Àwòrán tó yẹ kó jókòó sí igun á máa yọ́ padà sáàárín. Wọ́n yọ kapásítọ̀ náà, wọ́n fi wáyà dí àyè rẹ̀, wọ́n sì fi op-amp, ẹ̀yà kékeré tó ń mú fólítì ga, gbé fólítì tó kéré náà sókè. Sọ́fítíwíà LaserBoy àti OpenLase mọ ọ̀nà yìí, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Àléébù rẹ̀ ni pé bí kọ̀ǹpútà bá dákú díẹ̀, iná lè dúró gbagidi sójú kan, ibẹ̀ ni ojú ti ń bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn DAC bíi Ether Dream, tó ń gba kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti Helios, tó ń gba USB, jáde. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ sọ́fítíwíà fún wọn. FB3 àti FB4, bọ́ọ̀dù ti ilé-iṣẹ́ Pangolin, gba ọ̀nà mìíràn: QuickShow, sọ́fítíwíà wọn, dùn-ún lò, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tiwọn ló ń bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, sọ́fítíwíà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó ra DAC.

Ẹ tún wo ohun tí galvo yín lè gbé. Àwòrán ìdánwò ILDA ní òbìrí tó ń jókòó sínú igun mẹ́rin ọgbọọgba. Bí ẹ bá ń fi àmì 30,000 (ojú ibi tí iná ń kàn, ìyẹn point) ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní fífẹ̀ dígírì 8, tí galvo sì wà létòlétò, òbìrí náà á kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú. Bó bá sún kì tí kò kàn wọ́n, eré náà ti pọ̀ jù fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 12,000, kí ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, ojú yín lára òbìrí.