Ojú tó yà: ọtọ̀ ni ti ọmọdé, ọtọ̀ ni ti àgbà

Iṣan mẹ́fà ló ń darí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Bí ojú kan bá kọjú síbì kan, tí èkejì yà sí imú, sí etí, sókè tàbí sílẹ̀, strabismus ni àwọn dókítà ojú ń pè é. Àmọ́ ọjọ́ orí tó bá ènìyàn ló ń sọ ohun tó máa fojú ẹni náà ṣe.

Bó bá bá àgbàlagbà, kíá ló máa mọ̀: ohun kan á di méjì lójú rẹ̀. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Bó bá dé lójijì, ẹ má sùn lé e lórí, ilé ìwòsàn ni.

Ọmọdé kì í ráhùn, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọpọlọ rẹ̀ ṣì rọ̀, kò sì fẹ́ rí nǹkan ní méjì, nítorí náà á pa àwòrán tí ojú tó yà ń gbé wá tì. Ẹyinjú lè má ní àrùn kankan, síbẹ̀ ìríran rẹ̀ á máa relẹ̀. Amblyopia nìyẹn. David Hubel àti Torsten Wiesel, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọpọlọ tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1981, rán ojú kan pa fún ọmọ ológbò. Nígbà tí wọ́n tú u, ọpọlọ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ojú náà sí mọ́. Wọ́n ṣe é fún ológbò tó ti dàgbà, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ojú ìkókó lè máa yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; bó bá kọjá oṣù mẹ́rin tí kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní ó máa tán fúnra rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Ìtọ́jú lè jẹ́ awò, tàbí kí wọ́n bo ojú tó dára fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ kí èkejì lè ṣiṣẹ́. Ó máa ń jẹ́ jù kí ọmọ tó pé nǹkan bí ọdún 7. Ó ṣì lè ran ọmọ tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́, àmọ́ kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lè mú ojú àgbà tó ti yà láti kékeré tọ́. Ìríran tí amblyopia ti gbà kì í sábà bá a padà.

Ẹ̀yin tó ń rí nǹkan ní méjì, ẹ fọwọ́ bo ojú kan, kí ẹ tún bo èkejì. Bó bá di ẹyọ kan nígbà méjèèjì, ojú ló yà. Bó bá ṣì jẹ́ méjì nígbà tí ojú kan ṣoṣo là sílẹ̀, inú ojú yẹn ni kí dókítà kọ́kọ́ wò.