Àmì Ni Mo Ní, Awọ Ni Mò Ń Wá: Bí A Ṣe Ń Fi Àmì Kọ́ Àwọ̀n Onígun Mẹ́ta Nínú Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Mo ní fáìlì kan tí nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta kún inú rẹ̀: x, y àti z. Nígbà tí mo ṣí i, eruku lásán ni mo rí lójú kọ̀ǹpútà. Níbo ni ara nǹkan náà wà?

Kò sí nínú fáìlì yẹn rárá. Ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró sí nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àmì wo ni aládùúgbò àmì wo. Àwọ̀n tí ẹ ń wá, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè ní mesh, jẹ́ àkójọ méjì: àkójọ àwọn àmì, àti àkójọ àwọn onígun mẹ́ta tó so wọ́n pọ̀. Bí a bá kọ [0, 1, 2], a ń sọ pé kí kọ̀ǹpútà na awọ láàrin àmì 0, àmì 1 àti àmì 2. Àkójọ kejì yìí ni gbogbo wàhálà, torí pé ṣe la máa méfò rẹ̀.

Ẹ mú igun mẹ́rin tábìlì, kí ẹ ka wọn yípo: 0, 1, 2, 3. Ẹ lè gé e sí [0, 1, 2] àti [0, 2, 3]; ẹ sì lè gé e sí [0, 1, 3] àti [1, 2, 3]. Wàyí o, ẹ gbé igun 0 sókè díẹ̀. Gígé àkọ́kọ́ yóò yọ gàgà ní àárín, èkejì yóò tẹ̀ wọlé. Àmì ò yí padà, awọ ló yí padà. Àmì mẹ́rin péré sì nìyẹn o.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni ehoro Stanford. Ní 1994, Greg Turk àti Marc Levoy ní Yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, gbé ehoro alámọ̀ kan síwájú ẹ̀rọ skánà, wọ́n yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti ìhà oríṣiríṣi. Àmì tó jáde lé ní 362,000. Àwọ̀n tí wọ́n fi wọ́n kọ́ ní àmì 35,947 àti onígun mẹ́ta 69,451. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣòro kéèyàn ṣe iṣẹ́ yìí kó má ti bá a pàdé.

Ìbéèrè: Mo pe Delaunay, irinṣẹ́ tó ń so àmì pọ̀ di onígun mẹ́ta, nínú scipy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún èdè Python. Nọ́ńbà mẹ́rin ló ń dá padà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan dípò mẹ́ta, àárín etí ehoro sì ti dí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ohun tí ẹ béèrè gan-an ló fún yín. Boris Delaunay, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1934. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ní òbìrìkìtì tó bá gba igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta kan kọjá kò gbọdọ̀ ní àmì mìíràn nínú. Òfin yìí ló ń gbà wá lọ́wọ́ onígun mẹ́ta tó gùn gbọọrọ tó sì tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n bí z bá ti wọlé, òbìrìkìtì di bọ́ọ̀lù, onígun mẹ́ta náà sì di òkìtì kékeré tó ní igun mẹ́rin àti ojú mẹ́rin. Nọ́ńbà mẹ́rin yín nìyẹn. Dípò kó na awọ, ó ti fi òkìtì kún inú ehoro náà, ó sì kún àyè àárín etí méjèèjì pẹ̀lú. Bí ẹ bá mú ojú ìta rẹ̀ nìkan, yóò rí bí ìgbà téèyàn fi ọ̀rá di ehoro náà pinpin: gbogbo ibi tó wọnú ti bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti tún un ṣe. Edelsbrunner àti Mücke ṣàlàyé rẹ̀ ní 1994: ẹ yan ìwọ̀n kan tó ń jẹ́ alpha, kí ẹ yọ òkìtì tó bá tóbi jù ú lọ dànù. Bí àwọn àmì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà síra lọ́gbọọgba, ó dára. Bí wọ́n bá ṣù jọ níbì kan tí wọ́n sì fọ́n ká níbòmíràn, kò sí alpha kan tó máa tẹ́ ibi méjèèjì lọ́rùn.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ ni mo wọ̀n ní tèmi, kì í ṣe ehoro.

Ẹ ti bọ́. Ilẹ̀ ní gíga kan ṣoṣo fún x àti y kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ gbàgbé z ná, ẹ fi x àti y nìkan pe Delaunay, lẹ́yìn náà kí ẹ dá z padà sáyè rẹ̀:

`onigun = Delaunay(ami[:, :2]).simplices`

Ó parí. Ẹ kàn yẹ etí àwòrán wò, nítorí onígun mẹ́ta gbọọrọ sábà máa ń so àmì tó jìnnà síra pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọ̀nà yìí ti máa já yín kulẹ̀ ni ibi tí nǹkan bá bo nǹkan lórí: abẹ́ afárá, tàbí abẹ́ àpáta Olúmọ l'Abẹ́òkúta, níbi tí àjà àpáta àti ilẹ̀ ti ní x àti y kan náà. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ehoro.

Ìbéèrè: Ọgbọ́n wo ni wọ́n wá ń dá sí ehoro?

Méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́, ball pivoting, jáde ní 1999: Bernardini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ẹ yí bọ́ọ̀lù kan kiri lórí àwọn àmì, ibikíbi tó bá ti dúró lé àmì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ so wọ́n. Àmì yín gan-an ló ń lò, kì í dá tuntun. Bí bọ́ọ̀lù bá kéré jù, yóò já bọ́ sínú ihò. Bó bá tóbi jù, kò ní wọ àárín etí. Ẹ wo bí àmì kan ṣe jìnnà sí èkejì ní ìwọ̀n àárín, kí ẹ wá fún un ní bọ́ọ̀lù bíi mélòó kan, láti kékeré sí ńlá.

Èkejì ni Poisson, iṣẹ́ Kazhdan, Bolitho àti Hoppe ní 2006. Òun kì í so àmì mọ́ àmì. Ó ń wá ibi tí inú nǹkan parí sí tí ìta ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń na awọ síbẹ̀. Ọgbọ́n nínà awọ náà bá ti Lorensen àti Cline ní ilé-iṣẹ́ General Electric tan, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1987: ẹ gé àyè sí àpótí kéékèèké, igun mẹ́jọ àpótí kọ̀ọ̀kan wà nínú tàbí níta, ìyẹn jẹ́ ọ̀nà 256, tí wọ́n rò pọ̀ di 15. Bí ẹ bá sọ fún Open3D, irinṣẹ́ Python fún irú iṣẹ́ yìí, pé `depth=9`, ó lè pín ìhà kọ̀ọ̀kan dé ọ̀nà 512. Èmi a máa bẹ̀rẹ̀ láti 7 tàbí 8 kí n tó gòkè, torí memory.

Ìbéèrè: Poisson ní òun fẹ́ normal. Kí nìyẹn, ibo ni mo ti máa rí i?

Ibí lọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Normal ni ọfà tó dúró ṣánṣán lórí awọ, tó kọjú síta. Láti rí i, kọ̀ǹpútà á kó aládùúgbò àmì kan jọ, bí 30, á wá pẹpẹ tó bá gbogbo wọn mu jù lọ, á sì gbé ọfà dúró lórí pẹpẹ náà. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni pẹpẹ ní, ìṣirò náà ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ ìta. Ní 1992, Hoppe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington wá ọgbọ́n kan sí i: ẹ mú àmì tó ga jù, ọfà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sókè, kí ó wá máa ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò kan ran èkejì, láti ibi tí ọfà méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú Open3D:

`pcd.estimate_normals()`
`pcd.orient_normals_consistent_tangent_plane(30)`

Ẹ wá wo etí ehoro. Etí ò nípọn; àmì iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ra. Bí ẹ bá kó aládùúgbò jọ láti ibi tó jìnnà jù, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn á dàpọ̀, pẹpẹ á dábùú, ọfà á ṣìnà, Poisson á sì wú etí náà tàbí kó jẹ ẹ́. Ẹ dín aládùúgbò kù. Èyí tó tún dáa jùyẹn lọ: bí ẹ bá mọ ibi tí skánà dúró sí, kò sídìí láti máa méfò, nítorí àmì tí skánà rí gbọ́dọ̀ kọjú sí i. Ẹ lo `orient_normals_towards_camera_location` lórí ìyàwòrán kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pa gbogbo wọn pọ̀. Ó ń yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ibi tí skánà wà nù, tí wọ́n á tún wá máa wá a lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè: Poisson mi na awọ dé ibi tí kò sí àmì kankan.

Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Kò fẹ́ràn kó fi ihò sílẹ̀. Ó máa ń dá ìwúwo padà pẹ̀lú mesh: iye àmì tó gbè é lẹ́yìn níbì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ibi tó fẹ́lẹ́ jù kúrò:

`mesh.remove_vertices_by_mask(iwuwo < np.quantile(iwuwo, 0.01))`

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ nǹkan náà jáde lórí ẹ̀rọ 3D, ẹ má gé e o, torí ẹ̀rọ náà fẹ́ ohun tó dí pátápátá.

Ìbéèrè: Àwọn onígun mẹ́ta kan ò hàn, àfi bí mo bá wò wọ́n láti ẹ̀yìn.

Ètò kíkà ni. [0, 1, 2] àti [0, 2, 1] kọ ẹ̀yìn síra wọn. OpenGL, ètò tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, gbà pé èyí tó yí lòdì sí ọwọ́ aago ló kọjú sí wa. Ẹ yí nọ́ńbà méjì padà lórí ìlà tó ṣàṣìṣe.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àwọ̀n mi pé?

Ẹ kà á. Nínú àwọ̀n tó dí, tí kò ní ihò tó gba inú rẹ̀ já, àmì, yọ ẹ̀gbẹ́ kúrò, fi onígun mẹ́ta kún un, gbọ́dọ̀ jẹ́ 2: òfin Euler. Onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, méjì ló sì ń pín ẹ̀gbẹ́ kan lò. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ máa rí i pé onígun mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àmì, dín mẹ́rin. Ti ehoro ì bá jẹ́ 71,890. Ó jẹ́ 69,451. Níbo ni ìyókù wà? Ihò wà ní ìdí ehoro náà, àwọn àmì kan sì tún wà nínú fáìlì tí onígun mẹ́ta kankan ò lò. Ẹ pe `remove_unreferenced_vertices()` kí ẹ tó kà.

Ìbéèrè: Irú fáìlì wo ni kí n fi pamọ́ sí?

PLY, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. STL ń kọ igun onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò mọ aládùúgbò mọ́. Bó bá jẹ́ OBJ lẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kọ, ẹ rántí pé 1 ni kíkà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 0.