Àwọn Aláàárù Tí A Kò Pè Mọ́

Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún máa gbé nǹkan wúwo kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè lágbára, èsì kan wà tó máa ń yá lẹ́nu: “Mo ń rìn láràárọ̀, ìyẹn náà ti tó.” Kò tó. Ìrìn dára fún ọkàn, ó dára fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó ń jẹ́ kí oorun dùn, kò sì sẹ́ni tó ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n èèyàn lè rìn láràárọ̀ fún ogún ọdún, kó sì dé ọjọ́ tí kò ní lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ìrìn náà burú. Ẹran ara tí ìrìn ń pè síṣẹ́ kọ́ ni èyí tó ń sọnù bí a ti ń dàgbà.

Ká tó lọ jìnnà: ẹran tó ń gbé egungun rìn là ń sọ, ẹran itan, ti apá, ti ẹ̀yìn. Iṣan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, àmọ́ iṣan yìí kan náà ni wọ́n ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pe okùn tó so ẹran mọ́ egungun. Ẹran ara ni a ó máa pè é níbí.

Fọ́nrán tín-ín-rín bí irun ló kóra jọ di ẹran ara, kò sì sí fọ́nrán tó ń dá ìpinnu ṣe. Okùn kan ń bọ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ya ẹ̀ka, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì kan fọ́nrán kan. Okùn yìí ló ń gbé àṣẹ wá. Ká pè é ní ọ̀gá aláàárù, kí àwọn fọ́nrán tó ń gbọ́ tirẹ̀ sì jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá kan kéré, ọmọ iṣẹ́ wọn ò pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyí kì í yára, ẹrù ńlá kọ́ ni tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ kó má rẹ̀ wọ́n. Àwọn ọ̀gá mìíràn tóbi, wọ́n sì ní ọmọ iṣẹ́ rẹpẹtẹ, géńdé pọ́ńbélé: wọ́n lágbára, wọ́n yára, agara sì tètè ń dá wọn.

Nígbà tí ọpọlọ bá fẹ́ gbé nǹkan, kì í ké sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀gá kékeré ló máa ń kọ́kọ́ pè. Bí ẹrù bá ju tiwọn lọ, ó kan àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Àfìgbà tí ẹrù bá wúwo gan-an, tàbí tí a bá fẹ́ ṣe nǹkan wàrà-wàrà, ni ìpè máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn géńdé. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Elwood Henneman, ló gbé ètò ìpè yìí síta lọ́dún 1957, òun náà ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ni dòní.

Ọgbọ́n wà nínú ètò náà. Ta ni yóò jí géńdé lójú oorun nítorí ife omi kan? Bí kò bá sí i ni, à bá máa fọ́ ife mọ́ ara wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú: àwọn kékeré nìkan ló ń jẹ́ ìpè. Bó rin ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣísẹ̀, àwọn kékeré kan náà ló ń ṣe àṣekún. Àwọn géńdé itan rẹ̀ lè má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú.

Ara kì í sì í bọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ pẹ́. Lójoojúmọ́ ni ó ń wó ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún purotéènì inú ẹran ara tó sì ń tún un kọ́. Bí wíwó bá fi fín-ín-fín ju kíkọ́ lọ, ẹnikẹ́ni ò ní rí i lọ́sẹ̀ yìí, kò ní rí i lọ́dún yìí. Láti bí ọgbọ̀n ọdún lọ, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ẹran ara ló ń lọ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta. Agbára ń lọ kíákíá ju ẹran fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá sì wo irú fọ́nrán tó ń joro jù, àwọn géńdé ni. Àwọn kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Àwọn ọ̀gá náà ń kú. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ikú ni. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, àwọn kan nínú okùn tó ń ti ọ̀pá ẹ̀yìn bọ̀ á kú, pàápàá àwọn ńlá, ọmọ iṣẹ́ wọn á sì di ọmọ òrukàn. Fọ́nrán tí kò lọ́gàá kò lè ṣe nǹkan kan. Yóò kàn wà níbẹ̀, yóò máa joro. Ṣùgbọ́n àdúgbò kì í dákẹ́. Ọ̀gá tó wà nítòsí á rú ẹ̀ka tuntun, ẹ̀ka náà á nà dé ọ̀dọ̀ ọmọ òrukàn, á gbà á tọ́. Ìgbàtọ́ yìí kò sì lọ láìyí ọmọ padà: géńdé tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá kékeré, ìwà ilé tuntun ni yóò kọ́. Yóò dẹni tí kì í yára mọ́, tí kì í gbé ẹrù ńlá mọ́. Bí a bá gé ẹran itan ọ̀dọ́ wẹ́wẹ́, tí a kùn ún láró, tí a fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wò ó, oríṣi fọ́nrán méjèèjì á pò mọ́ra bí ìyẹ́ ẹtù. Ní ti arúgbó, irú kan á kó ara wọn jọ síbì kan, irú kejì á wà lọ́tọ̀, bí ilé tí ìdílé kan ṣoṣo ti rà tán ládùúgbò. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbà tọ́ á kú, ọ̀rá á sì gba àyè wọn, ìdí nìyẹn tí itan fi lè tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀ kó má lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Àfiwé náà ń já níbì kan ṣá o. Aláàárù gidi tí kò ríṣẹ́ lè lọ wáṣẹ́ sí ọjà mìíràn. Fọ́nrán kò ní ọjà mìíràn.

Àìsàn tí ẹran ara àgbà fi ń joro yìí kò tilẹ̀ ní orúkọ títí di ọdún 1989, nígbà tí Irwin Rosenberg, onímọ̀ oúnjẹ ará Amẹ́ríkà kan, pè é ní sarcopenia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àìtó ẹran. Kó tó dìgbà náà, ogbó ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí kò lórúkọ sì ṣòroó tọ́jú.

Lọ́dún kan lẹ́yìn náà, dókítà kan, Maria Fiatarone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ bá èèyàn mẹ́wàá ní ilé ìtọ́jú arúgbó, àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, tí ara wọn ò sì le. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù wúwo, ẹrù gidi, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni kan kò parí rẹ̀. Ní ti àwọn mẹ́sàn-án tó parí rẹ̀, agbára wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i: bí ẹni tó ń gbé kílò 10 tẹ́lẹ̀ bá wá ń gbé kílò 27. Ẹran itan wọn ńkọ́? Ìdá 9 péré ló fi lé. Níbo wá ni ìyókù agbára náà ti wá? Láti inú ìpè ni èyí tó pọ̀ jù. Àwọn géńdé tó ṣẹ́ kù wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, wọ́n kàn gbàgbé ohùn ọ̀gá, ọ̀gá náà gbàgbé bí a ṣe ń ké. Eré ìdárayá kì í jí ọ̀gá tó ti kú. Èyí tó wà láàyè ló ń tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 1994, wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú 100 èèyàn, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 87, wọ́n sì fi oúnjẹ olómi aṣaralóore kún un. Àwọn kan gbé ẹrù, àwọn kan mu oúnjẹ náà, àwọn kan ṣe méjèèjì, àwọn kan kò ṣe ìkankan. Oúnjẹ náà nìkan, láìsí ẹrù, kò fi agbára kún ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí a kọ èyí sára agolo ìyẹ̀fun purotéènì gbogbo.

Síbẹ̀ ẹni tó ń gbé ẹrù láìjẹun dáadáa ń kọ́lé láìní búlọ́ọ̀kù ni. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé etí ẹran ara àgbà ń di. Ọ̀kan nínú àwọn ègé tí purotéènì pín sí, leucine lorúkọ rẹ̀, òun ló ń kan ilẹ̀kùn: bí ó bá pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́nrán á gbọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Nínú ọ̀dọ́, purotéènì bíi giramu 0.24 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan oúnjẹ ti tó láti mú ìkọ́lé náà dé góńgó. Àgbà nílò bíi 0.40. Fún ẹni tó wọn kílò 70, ìyẹn ni giramu 17 àti giramu 28. Ẹyin kan kò ju bíi giramu 6 lọ. Nítorí náà búrẹ́dì, tíì àti ẹyin kan láàárọ̀ dà bí ẹni tó ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn bàbá tí kò gbọ́ràn dáadáa. Kì í ṣe pé kò kàn án. Bàbá ni kò gbọ́.

Ọ̀pọ̀ àgbà ló sì ń jẹun báyìí: díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án, kí gbogbo ẹran wá kóra jọ sórí oúnjẹ alẹ́. Ó sàn kí a pín in kó lè dún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: ẹyin méjì mẹ́ta pẹ̀lú wàrà, ẹja, adìẹ, ẹ̀wà tó pọ̀ dáadáa. Ìlànà àtijọ́ ni giramu 0.8 fún kílò ara lójúmọ́. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ àgbà ti ń sọ pé kó jẹ́ 1.0 sí 1.2 fún ẹni tó ti kọjá ọdún 65. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn yàtọ̀ o, ti dókítà rẹ̀ ni kó gbọ́.

Iṣẹ́ wúwo tún ń la etí fọ́nrán. Fún ọjọ́ kan ó kéré tán lẹ́yìn tó bá gbé ẹrù, purotéènì tí kò bá tó tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tó. Ìdùbúlẹ̀ ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007, àwọn àgbà tí ara wọn dá ṣáṣá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá péré, wọ́n sì ń jẹ giramu 0.8 yẹn déédéé. Nǹkan bíi kílò kan ló kúrò lára ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́wàá! Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ń ṣọ̀lẹ, àti ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn débi pé wọ́n ń gba gbogbo ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpè tí kò wá nìkan ló mọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é kò gba àlàyé púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó tó ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ẹrù náà gbọ́dọ̀ wúwo débi pé ìgbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́wàá á nira, a sì gbọ́dọ̀ máa fi kún un bí ó bá ti ń rọrùn. Ẹni tí kò ní irin lè lo àtẹ̀gùn, okùn rọ́bà, tàbí àga lásán. Kó má sé èémí bó ti ń gbé e. Kó yára nígbà tó bá ń dìde, kó rọra nígbà tó bá ń jókòó, torí ìyára náà ń pe géńdé.

Àga yẹn náà ni àwọn dókítà fi ń díwọ̀n. Ẹ jókòó, ẹ ká apá mọ́ àyà, ẹ dìde kí ẹ tún jókòó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára ẹsẹ̀ ti ń dín kù. Wọ́n ní kí a ká apá nítorí pé bí ọwọ́ bá ti ti apá àga báyìí, ẹrù ẹsẹ̀ á fúyẹ́, àwọn kékeré á gbé e, kò sì ní sí ẹni tó máa jí àwọn géńdé.