Fífi Ayé Han Ọmọ Ajá: Ohun Tí Dókítà Ẹranko Ń Pè Ní Socialization

Bí ẹ bá gbé ọmọ ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀: socialization. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ní kí ajá máa bá ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ fi ayé han ọmọ ajá díẹ̀díẹ̀, láì dẹ́rù bà á, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń gba ohun tuntun: èèyàn oríṣiríṣi, ariwo, ẹranko mìíràn, iyanrìn, kọnkéré, koríko lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Àsìkò yẹn kò gùn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ ajá, ojú rẹ̀ á dì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, etí rẹ̀ náà kò tíì là. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ló ti ń fojú sí ohun tó yí i ká. Ohunkóhun tó bá pàdé láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, tí kò bá ṣe é léṣe, á kà á kún ará ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìfura ló ń ṣíwájú.

Ní 1961, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Freedman, King àti Elliot, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde láti Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá nínú pápá tí wọ́n sọ ọgbà yí ká, èèyàn kò sì bá wọn ṣeré. Wọ́n wá ń mú díẹ̀díẹ̀ nínú wọn wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan péré kí èèyàn lè bá wọn ṣeré, àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 2, àwọn mìíràn ní 3, 5, 7 tàbí 9. Àwọn tí wọn kò mú wọlé rárá títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ 14 ń sá fún èèyàn bí ẹran ìgbẹ́.

L'Òṣogbo níbí, ọjọ́ tí ajá bá wọlé ni ọ̀pọ̀ wa ti ń so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kó má baà mojú ẹnikẹ́ni, kó lè burú. Àwọn kan tilẹ̀ ń bu ata sí oúnjẹ rẹ̀. Ó ń dùn mí, nítorí èmi náà ti so ajá rí. Ajá àkọ́kọ́ tí mo sìn l'Òkè-Fíà ti pé oṣù mẹ́rin kí n tó mú un wálé, orí ṣéènì ló sì dàgbà sí. Bí alágbàádá bá ti gba géètì wọlé, á tọ̀ sára, á fẹ̀yìn ti ògiri, á wá máa gbó. Gbogbo àdúgbò ní ajá náà burú. Kò burú, ẹ̀rù ló ń bà á. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ọmọ alábàágbé wa yí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ajá bù ú jẹ lọ́wọ́. A fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ nítorí dìgbòlugi. Ajá tí ẹ̀rù ń bà kò lè ṣọ́lé, torí kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ inú ilé.

Ajá mi kejì, ọ̀sẹ̀ 8 ni mo mú un lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ má gbà á ṣáájú ìgbà náà, torí ibi tó ti ń bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jìjàkadì ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dẹ eyín, kí ó má máa gé ẹni jẹ ní àgéjù. Mo gbé e sápá lọ sí ọjà Ìgbọ̀nà. Bó ṣe gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta, ìrù rẹ̀ wọ abẹ́, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ó ń fi ahọ́n lá imú, ó sì ń yán bí ẹni tí oorun ń kùn. Oorun kọ́, ìbẹ̀rù ni. Mo fà sẹ́yìn, mo já ẹja gbígbẹ sí i lẹ́nu. Kò gbà á. Mo tún fà sẹ́yìn títí a fi dé etí títì, ibẹ̀ ló ti gbà á jẹ. Ibi tó bá ti lè jẹun ni kí ẹ dúró sí. Lọ́jọ́ kẹta, a ti lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aláta. Ká ní mo fi tipá gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ náà ni, ohun tí ì bá kọ́ ni pé ọjà ń pani.

Kí ló dé tí mo fi gbé e sápá? Nítorí parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá. Kòkòrò àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kì í sì í parí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó bá ní òun ń dúró dìgbà yẹn ti pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko gbà pé, bó bá ti pé ọjọ́ 7 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ lè máa gbé e jáde, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣáà kan ilẹ̀ tí ajá tí ẹ kò mọ̀ ń gbà. Ó lè bá ajá ọ̀rẹ́ yín tó ti gba abẹ́rẹ́ pé ṣeré nínú ọgbà. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un.

Kí ó rí onígèlè, onírùngbọ̀n, arúgbó tó ń tẹ̀pá, ọmọ iléèwé tó ń sáré. Kí ó gbọ́ ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ láti òkèèrè. Bí eégún bá jáde, ẹ jẹ́ kó wò ó láti ojú fèrèsé, nítorí èèyàn tí aṣọ bò láti orí dé ẹsẹ̀ máa ń da ajá láàmú gan-an. Ẹ má gbé e wọ àárín èrò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Ìró ìlù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ti tó. Ohun kan tún wà: mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa, wọn kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi kírun. Ẹ kọ́ ọ láti kékeré pé ìjókòó jẹ́ẹ́ ló ń mú oúnjẹ wá, kó má máa fò mọ́ èèyàn.

Àsìkò ti ológbò yá ju ti ajá lọ: láti ọ̀sẹ̀ 2 sí nǹkan bí 7 ni. Èyí tí èèyàn kò bá fọwọ́ kàn rí kí ó tó pé oṣù méjì kì í tètè mọ́ni lára.

Ajá tó ti dàgbà náà ṣì lè yí padà, àmọ́ ó gba sùúrù. Mo ti tú àkọ́kọ́ mi sílẹ̀ lórí ṣéènì, mo sì ní kí àlejò máa ju ẹran sí i láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n má wò ó lójú. Ó tó ọdún kan kí ó tó rìn lọ bá alágbàádá kan fúnra rẹ̀, kí ó gbóòórùn etí aṣọ rẹ̀, kí ó sì gba ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀.