Mímọ̀ bóyá táyà ọkọ̀ tó ní ìpalára ṣì ṣeé lò

Táyà tó ní ìpalára ni èyí tí ìṣó gún, tí òkúta gé, tí ó já sí kòtò tàbí tí ó ti gbó. Ibi tí ìpalára náà wà àti bí ó ṣe jinlẹ̀ tó ló ń pinnu bóyá a ṣì lè lò ó. Pé atẹ́gùn kò tíì jò kò tó ẹ̀rí: táyà lè le dáadáa níwájú ilé, kó sì bẹ́ lórí eré lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù.

Okùn àti wáyà inú táyà ló ń gba agbára atẹ́gùn dúró. Rọ́bà bò wọ́n ni. Wáyà irin wà lábẹ́ ojú tó ń tẹ ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà kò ní irú ààbò yẹn, okùn nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ó ń nà bí táyà ṣe ń yí. Nítorí náà, ihò ìṣó láàárín ojú táyà ṣeé tún ṣe bí kò bá fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ṣùgbọ́n ihò tó wà ní ẹ̀gbẹ́, tàbí ní igun tí ojú táyà ti pàdé ẹ̀gbẹ́, kò ṣeé tún ṣe.

Àtúnṣe tó péye bẹ̀rẹ̀ láti inú. Fọkanáísà á bọ́ táyà kúrò lára ríìmù, á yẹ inú rẹ̀ wò, á fi rọ́bà dí ihò náà, á sì lẹ páàṣì lé e. Rọ́bà tí wọ́n ń ki bọ ihò láti ìta lè gbé ọkọ̀ délé, àmọ́ kò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú hàn. Bí wọ́n bá sì ti wa táyà náà láìní atẹ́gùn, ìyẹ̀fun rọ́bà dúdú á dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú á ti bó yípo. Irú táyà bẹ́ẹ̀ ti parí, bó ti wù kí ihò rẹ̀ kéré tó.

Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ tó yí Òkè Olúmọ ká, àpáta yọ sójú ọ̀nà, ọ̀nà sì há. Ẹ̀gbẹ́ táyà ló sábà máa ń họ mọ́ òkúta àti etí gọ́tà níbẹ̀. Bí okùn bá hàn nínú ojú ibi tó gé, kí wọ́n pààrọ̀ táyà náà. Kókó tó wú síta túmọ̀ sí pé okùn ti já, ó sì lè bẹ́ nígbàkigbà. Ilà tó kàn wọnú díẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ kì í sábà ṣe àrùn. Ojú ibi tí okùn ti pàdé ni.

Àwọn kan máa ń rán ẹ̀gbẹ́ táyà tó ya, tàbí kí wọ́n ki túùbù sínú rẹ̀. Owó táyà tuntun ló fà á, ó sì yéni, ṣùgbọ́n túùbù kò lè so okùn tó já. Ẹ̀mí àwọn èrò inú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì, pàápàá fún táyà tòkunbọ̀, torí wọ́n lè fi ọ̀dà dúdú kùn ún kó dán. Nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn nínú àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lára ẹ̀gbẹ́ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Lójú táyà, àwọn gegele kéékèèké wà nínú ihò eyín rẹ̀. Bí eyín bá ti jẹ débi tí ó bá wọn dọ́gba, ó ku mìlímítà 1.6 péré, àkókò pípààrọ̀ sì ti tó.

Bí ìṣó bá ṣì wà lára táyà tí kò tíì jò, kí wọ́n má fà á yọ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n rọra wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, tàbí kí wọ́n fi sípíà sí i, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo atẹ́gùn inú sípíà náà.